Tip kì í ṣe ènì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹun nílé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, gbogbo ṣéńjì mi pátá ni mo kó sínú báàgì, mi ò fi sẹ́ńtì kan sílẹ̀ lórí tábìlì fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá, ìyẹn owó tí wọ́n ń pè ní tip. Oṣù keje ọdún 2013 ni mo dé Houston ní Texas, lọ́tìrì físà ló gbé mi dé (wọn ò gba ọmọ Nàìjíríà síbi lọ́tìrì yẹn mọ́ báyìí, àwa la wà lára àwọn tó rí i mú gbẹ̀yìn), ọ̀dọ̀ àbúrò màmá mi ọkùnrin ni mo wọ̀ sí nítòsí Bissonnet, níbi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ń rìn lọ ẹ óò máa gbọ́ Yorùbá bí ẹni pé Mọ́kọ́lá lẹ wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe HND n'Íbàdàn ti ṣáájú mi débẹ̀, òun ló mú mi jáde lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo wá taku pé èmi ni máa sanwó. Owó oúnjẹ jẹ́ $31.60, mo fi $40 sílẹ̀, wọ́n kó $8.40 wá fún mi, mo kà á, ó pé, mo kó o. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ fún wa wá bi mí, ohùn ẹ̀ ti yí díẹ̀, pé ṣé nǹkan kan wà tóun ṣe tí ò dáa ni. Mo ní rárá o, o ṣe dáadáa gan-an, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò wojú mi, ó yọ $6 nínú pọ́ọ̀sì tiẹ̀, ó fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a jáde.

A dénú mọ́tò kó tó lanu. Ó ní, "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń san fún ọmọ yẹn ní wákàtí kan?"

Mi ò mọ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta sígbà yẹn tí mo fi mọ̀, torí iye yẹn gan-an ni wọ́n kọ sínú ìwé tí èmi náà tọwọ́ bọ̀ nílé oúnjẹ tó gbà mí síṣẹ́: $2.13.

Mo ní kí máníjà bá mi wò ó bóyá wọ́n ṣì í tẹ̀ ni. Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àtọdún 1991 ni iye yẹn ti wà tí ò kúrò lójú kan. Òṣìṣẹ́ tí kì í gba tip, ó kéré tán $7.25 ni wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un ní wákàtí kan, ìyẹn náà wà bẹ́ẹ̀ láti 2009. Àmọ́ tó o bá ti wà nídìí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba tip, òfin fún ọ̀gá ẹ láyè kó san $2.13, kó wá gbà pé àwọn tó wá jẹun ló máa fi $5.12 tó kù kún un. Tí wọn ò bá fi kún un tó, ọ̀gá ló yẹ kó dí i, ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀ mi ò rí ẹni tí wọ́n dí i fún. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ò gba irú ẹ̀ láyè, California, Washington, Oregon, Nevada, Minnesota, Montana àti Alaska, owó tó pé ni wọ́n ń san níbẹ̀ kí tip tó wá gorí ẹ̀. Texas ò sí níbẹ̀.

Owó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ́kọ́ gbà, $41 àti sẹ́ńtì díẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lé ní àádọ́ta wákàtí o. Owó orí tí wọ́n ń yọ lórí tip ló jẹ ìyókù, torí inú $2.13 yẹn náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bọ̀ọ̀dá mi, àbúrò màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, gba ìwé owó náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní ṣé iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbẹ̀ àbí ẹrú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹun ò mọ̀, tí èmi náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni pé tip tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹnì kan ló ni ín. Lọ́dọ̀ wa, tílẹ̀ bá ti ṣú tá a fẹ́ máa lọlé, màá yọ 4% gbogbo ohun tí mo tà lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe 4% tip o, gbogbo ohun tí mo tà, màá fún ẹni tó ń po ọtí nínú ẹ̀, màá fún àwọn tó ń kó abọ́, màá fún ọmọ tó ń mú àlejò lọ sídìí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá jẹun $100 tẹ́ ẹ sì fi $20 sílẹ̀, $16 ló kù sí mi lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá jẹun $100 tẹ́ ò fi nǹkan kan sílẹ̀, $4 ti jáde lápò mi nìyẹn, èmi ni mo sanwó kí n lè gbé oúnjẹ wá fún yín.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo eléyìí gan-an ni àwọn èèyàn wa. Oṣù kejì ọdún 2014, ọjọ́ Sáńdè, àwọn èèyàn mẹ́rìnlá wọlé látṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ẹbí lọ́rùn wọn, gèlè mẹ́rin tó ga débi pé àwọn tó jókòó sẹ́yìn wọn ní láti sún àga. Inú mi dùn! Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mi ò tíì gbé oúnjẹ fún ẹni tó lè pe orúkọ mi. Mọ́mì tó jẹ́ àgbà láàárín wọn wo orúkọ tó wà láyà mi, ó ní ọmọ ibo ni ẹ́, mo ní ọmọ Ìbàdàn ni mí mà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ọmọ ajòro sùn, àwọn tó kù ń pàtẹ́wọ́. Wákàtí méjì àtààbọ̀ ni wọ́n lò. Omi gbígbóná, ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ata yìí ò ta rárá ọmọ mi bá wa wá òmíì, lọ bá wa gbé oúnjẹ ọmọ yìí gbóná, gbogbo ẹ̀ ni mò ń fi ẹ̀rín ṣe. Wọ́n tó lọ, wọ́n gbàdúrà fún mi. O ò ní jìyà nílẹ̀ olóyìnbó. Ibi gíga ni wàá dé. Mo ń ṣe àmín láti ìsàlẹ̀ ikùn.

Owó wọn jẹ́ $412. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ tip sí lórí rìsíìtì, wọ́n fa ìlà gbọọrọ sí i.

Mo yọ $16.48 lápò ara mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wọ yàrá tútù tí wọ́n ń kó ẹran sí, mo sunkún níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, mo nu ojú, mo padà síta. Ohun tó tún mú un dùn mí ni pé ṣáájú ìgbà yẹn, tí èèyàn bá ti pé mẹ́jọ nídìí tábìlì, kọ̀ǹpútà ló máa ń fi 18% kún owó wọn fúnra ẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2014 yẹn gan-an ni àwọn agbowó-orí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọ̀gá pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tip, owó tí ilé oúnjẹ fúnra ẹ̀ bù léni ni, kí wọ́n máa ṣírò ẹ̀ mọ́ owó òṣìṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ bá yọ ọ́ kúrò kí wàhálà ìwé má bàa pọ̀. Tiwa náà yọ ọ́. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n yọ ọ́ làwọn èèyàn mi yìí wọlé.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni Mọ́mì yẹn tún dé, òun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin, ó ní èmi lòun ń wá. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i. Mi ò fẹ́ kí i tayọ̀tayọ̀ o, kí n má purọ́, àmọ́ orúnkún mi ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ó ní, "O ti rù sí i. Ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ dáadáa níbí?"

Mo ní, "Dọ́là méjì àti sẹ́ńtì mẹ́tàlá ni, mà."

"Ní ìṣẹ́jú mélòó?"

"Wákàtí kan, mà."

"Wọ́n á wá fún ẹ ní ìyókù tóṣù bá parí?"

Mi ò mọ bọ́rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń fún wa ní ìyókù, mà."

Ó dákẹ́. Ọmọ ẹ̀ ń wo fóònù, ó gbórí sókè. Mọ́mì wá sọ ohun tí mo ti ń rò láti ọdún yìí wá, ó ní, "Mo rò pé ènì ni. Nílé, ẹni tó ń tajà ló ń ṣe ènì. Ìyá oníẹ̀wà á bù ú fún ẹ tán, á tún fi ṣíbí kan lé e. Èwo wá ni ti ẹni tó rajà, tó tún ní kó ṣe ènì fún ẹni tó tà á? Mo rò pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba tọwọ́ wa ni." Ó ní ilé àwọn arúgbó lòun ti ń ṣiṣẹ́, òru ni, òun ló ń wẹ̀ fún wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí ẹnikẹ́ni, wọ́n lè lé èèyàn dànù torí ẹ̀, nítorí náà kò wá sọ́kàn òun rárá pé iṣẹ́ míì wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá fún ẹ lọ́wọ́ gan-an ni owó oṣù ẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ó fi tíṣù wé nǹkan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. $80. Mo ní rárá mà, ó pọ̀jù. Ó ní tí ìyá ẹ bá fún ẹ ṣé o ò ní gbà? Mo gbà á.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, pé àwọn èèyàn wa kì í ṣe ahun. Àwọn mẹ́rìnlá wọ̀nyẹn, tó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ máa bá wọn ní báńkì níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ igba dọ́là sí dọ́là kọ̀ọ̀kan torí kí wọ́n lè fi ná olórin lálẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Ènì, ẹni tó bá wù ló ń ṣe é, tí ò bá sì ṣe é, ebi ò pa ẹnikẹ́ni. Tip Texas kì í ṣe ìyẹn. Owó iṣẹ́ ni, tí òfin yọ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tó sì gbé e lé ẹni tó wá jẹun lórí, bóyá ẹni náà mọ̀ o bóyá kò mọ̀.

Ẹ lè bi mí pé ta ló dá irú ẹ̀ sílẹ̀, èmi náà béèrè. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn lọ́dọ̀ wa, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ló là mí lóye díẹ̀. Bàbá ìyá ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Pullman, àwọn rélùwéè tí wọ́n ń sùn sí yẹn. Nígbà tí ìfiniṣẹrú dópin níbẹ̀ lọ́dún 1865, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni iléeṣẹ́ Pullman kó síṣẹ́ láti máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láti máa kun bàtà, láti máa ru ẹrù, owó díẹ̀ ni wọ́n ń san, ìyókù dọwọ́ àwọn èrò. George ni àwọn èrò ń pe gbogbo wọn, torí orúkọ ẹni tó ni iléeṣẹ́ nìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Ìgbà tó di 1925 ni wọ́n kó ara wọn jọ ṣe ẹgbẹ́ tí A. Philip Randolph ṣe olórí ẹ̀, ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi jà kí iléeṣẹ́ náà tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú wọn ní 1937. Bàbá yìí ní ohun tí bàbá àgbà òun máa ń sọ ni pé kò sí ọjọ́ kan tóun lè fajú ro ní gbogbo ìgbà tóun fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Mo mọ irú ẹ̀rín tó ń sọ, èmi náà ti rín in fún ọkùnrin tó na ọwọ́ sí ìdí mi, torí tábìlì ẹ̀ ti jẹ $150, mo sì ní owó ilé láti san. Mo tijú fún un títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló yẹ kó tijú.

Síbẹ̀ náà mo mọṣẹ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dénú. Onílù ló sún mọ́ ohun tí mò ń ṣe jù. Ẹ wo onídùndún lóde àríyá, kò tíì lu nǹkan kan, ó ti mọ ẹni tó wá torí ọ̀rẹ́ àti ẹni tó wá torí kí wọ́n lè rí i, ó mọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ki bàbá òun àti ẹni tó jẹ́ pé oríkì ìyá ẹ̀ ló máa yọ owó lápò ẹ̀, ó mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níwájú èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó mú ọmọ kékeré dání, oúnjẹ ọmọ ni kó kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ sọ̀rọ̀ òwò, má yọ wọ́n lẹ́nu, ṣáà jẹ́ kí omi kún gíláàsì. Arúgbó tó dá jókòó, bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń ní kí n kọ́ wọn bí mo ṣe ń lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo bá fẹ́ gba oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí owó mi fi ń pọ̀ ju tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ju ìyá mi lọ, mi ò lè bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lórí ìdúró.

Ohun kan tí mi ò mọ̀ rárá tí mo fi jìyà ni ọ̀rọ̀ kí èèyàn kọ tip ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti tó $20 lóṣù kan, òfin ní kó o sọ iye ẹ̀ fún ọ̀gá ẹ, ó pẹ́ tán ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Ti orí káàdì, kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n. Tọwọ́ ńkọ́? Gbogbo wa là ń kọ díẹ̀ níbẹ̀, èmi náà ń kọ díẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n ni. Nígbà tí mo fẹ́ gba ilé tèmi, wọ́n ní kí n mú ìwé wá tó fi hàn pé owó tó ń wọlé fún mi tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé, mò ń pa owó yẹn lóòótọ́, ìwé ò gbà. Ìyẹn ò tíì là mí lójú o. Oṣù kẹta ọdún 2020, Kòrónà dé, wọ́n ti gbogbo ilé oúnjẹ pé kẹ́nikẹ́ni má jókòó jẹun mọ́, iṣẹ́ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó tí ìjọba ń san fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, orí ohun tó o kọ sílẹ̀ pé ò ń gbà ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀. Tèmi kéré débi pé mo rò pé wọ́n ṣì í. Àwọn tó ń kọ gbogbo tiwọn sílẹ̀, tá a máa ń fojú òmùgọ̀ wò, gba nǹkan gidi. $600 lọ́sẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi kún un títí di oṣù keje ọdún yẹn ló gbà mí sílẹ̀. Mi ò padà sídìí tábìlì mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́ ìwé owó nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni mo wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní London lọ́dún 2019, mo tún ṣe àṣìṣe tí ò jọ tàkọ́kọ́. Mo fi 20% sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ka bíìlì náà dáadáa, 12.5% ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ya ọmọ tó gbé oúnjẹ fún wa gan-an. Lọ́hùn-ún, owó tí òfin là kalẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gbà, £8.21 ni wákàtí kan lọ́dún yẹn fún ẹni tó bá ti pé ọdún 25, ọ̀gá ò lè ní kí tip dí i. Ìjọba wọn tún ṣòfin sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, pé gbogbo tip pátá, tòṣìṣẹ́ ni, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ yọ nínú ẹ̀. Ara mi balẹ̀ nígbà tí mò ń jẹun níbẹ̀, mi ò máa wo ojú ẹni tó ń gbé abọ́ kí n máa ṣírò owó ilé ẹ̀.

Mo délé ní Disẹ́ńbà 2022, àwọn gédímáànù báńkì, àwọn tó ń ta epo, gbogbo wọn ń kí wa pé ẹ kú ọdún mà, ẹ ṣe wá lóore mà. Tẹ́lẹ̀ inú máa ń bí mi sí i. Owó oṣù tó kéré jù nílé wa nígbà yẹn, ₦30,000 ni, mélòó nínú wọn ló sì ń gba iye yẹn pàápàá? Mo fún gbogbo ẹni tí mo lè fún. Àbúrò mi ní mo ti di olówó. Mi ò lè ṣàlàyé fún un lójú títì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dé ọ̀dọ̀ mi báyìí, ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé ẹ̀ pé, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé oúnjẹ kan níbí. $2.13 náà ni, ní 2025! Mo ti sọ fún un pé kó kọ gbogbo kọ́bọ̀ sílẹ̀, pàápàá báyìí tí òfin tuntun ti ní kí wọ́n lè yọ tip tí ò bá ju $25,000 lọ́dún kúrò nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ máa gba owó orí lé lórí títí di 2028, tó bá jẹ́ pé ó wà lákọsílẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá fọwọ́ kan án, kó pe máníjà, tí máníjà ò bá ṣe nǹkan kan, kó máa bọ̀ nílé. Òun náà ní ìbéèrè tiẹ̀, ó fẹ́ mọ ibi tó yẹ kóun náà ti máa fún èèyàn ní tip. Mo ní tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá bá ọ nídìí tábìlì, 20%, tí o ò bá mọ ìṣirò, wo owó orí tó wà lórí bíìlì, 8.25% ni ní Houston, sọ ọ́ di méjì kó o tún fi díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń di irun, ẹni tó ń gẹ irun, ẹni tó gbé oúnjẹ gun òkè wá bá ọ nínú òjò, fún wọn. Ẹni tó ń tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ṣe, fi dọ́là mélòó kan sílẹ̀ láràárọ̀, torí kì í ṣe ẹnì kan náà ló ń wá lójoojúmọ́. Ibi tó jẹ́ pé ìwọ lo dúró ní káúńtà gbé kọfí ẹ fúnra ẹ tí wọ́n wá yí kọ̀ǹpútà sí ọ pé 25%, ìyẹn, ó kù sí ẹ lọ́wọ́, mi ò ní fi dandan mú ẹ.

Mo ti ra bàtà dúdú tí kì í yọ̀ fún un, àti bírò mẹ́fà, torí àwọn tó ń jẹun máa ń gbé bírò lọ. Mọ́mì náà gbọ́ pé ó ti ríṣẹ́. Ó ní Sáńdè àkọ́kọ́ tó bá ti wà nídìí iṣẹ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, apá ibi tó bá ń gbé oúnjẹ sí ni kí wọ́n fi àwọn sí, òun sì ti lọ ṣẹ́ owó ní báńkì.